Bàtà Onítáyà àti Àpótí Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wa ní Kaduna)

 

Ọ̀rọ̀ mi kan àwa tí a ń ta ọjà tòkunbọ̀, tí àwọn onílé wa ń pè ní gwanjo. Nígbà mìíràn a ó tú ẹrù, a ó bá àpótí kékeré kan tí ó ní ọwọ́ ìgbámú. Bí a bá ṣí i, bàtà onítáyà mẹ́rin-mẹ́rin ni a ó rí, irú èyí tí àwọn ọmọ fi ń yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Àwọn kan a ta àpótí fún ẹni tí yóò kó irinṣẹ́ sí i, wọn a sì ta bàtà fún ọmọ tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ jẹ́ kí a yé ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdí kìíní ni èrè. Ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan ń wá irú bàtà àtijọ́ yìí kó jọ. Èyí tí ó wà nínú àpótí tirẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń dè é mọ́ ẹsẹ̀ kò sọnù, níye lórí ju bàtà lásán lọ.

Ìdí kejì ló wúwo jù: ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni. A gbọ́ pé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní nǹkan bí ọdún 1760 sí 1770, ọkùnrin kan, Merlin, wọ bàtà onítáyà lọ sóde àríyá, ó ń ta fayolíìnì, ìbátan gòjé. Kò lè yà, kò lè dúró, ó fi ara gbá dígí ńlá, ó sì fara pa. Ní 1863 ni James Plimpton ti New York fi rọ́bà sábẹ́ bàtà náà, tí ó fi lè yà bí a bá fara tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó bá ti pẹ́ a máa le, a sì máa sán.

Nítorí náà, kí ẹ tó tà á, ẹ fi ọwọ́ yí táyà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń há, ẹ kán òróró maṣíìnì sí i. Ẹ tẹ rọ́bà rẹ̀ wò. Ẹ fi pólíìṣì pa awọ rẹ̀, nítorí ọyẹ́ ìhín kì í ṣojú àánú sí awọ. Ẹ má ṣe ti bàtà tútù mọ́ inú àpótí, kí ó má baà dípẹtà. Èyí tí táyà rẹ̀ jẹ́ igi tí ó ti là, ẹ sọ ọ́ ní Hausa tó yé oníbàárà pé ọ̀ṣọ́ ilé ni, kì í ṣe ti ẹsẹ̀. Ẹ kìlọ̀ pé kí ọmọ má gbé e dé ojú títì.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọmọ kan bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, wọn kò ní dárúkọ ẹni tó tà á. “Bayarabe” ni wọn yóò wí, gbogbo wa ni yóò sì bá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa tó wọ rélùwéè wá síhìn-ín, àpótí kan péré ni wọ́n gbé sọ̀kalẹ̀. Òótọ́ ọjà ni wọ́n fi dúró. Ẹ má jẹ́ kí a tà á mọ́ bàtà.