Ta Ló Láṣẹ Láti Kọ̀? Iná Núkílíà àti Ọ̀rọ̀ Ààbò

 

Ìbéèrè tí wọ́n gbé síwájú mi ni pé, iná mànàmáná tí à ń fi agbára núkílíà pèsè, ṣé kì í ba àyíká jẹ́, ṣé kò sì léwu? Àwọn kan ti ní òun ni yóò gba ayé là. Àwọn kan ní èèwọ̀ ni. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé iná kan náà yìí lè tan ìmọ́lẹ̀ fún ìlú kan fún ogójì ọdún láìṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, kó sì sọ ìlú mìíràn di ahoro lọ́sàn-án kan. Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ń fa ìyàtọ̀ náà. Ohun tó ń fà á jù ni bóyá ẹnì kan wà tó lè sọ fún ẹlẹ́rọ pé rárá, kí ẹlẹ́rọ sì gbọ́.

Bí iná náà ṣe ń wá

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u palẹ̀. Nínú ríákítọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pèsè agbára núkílíà, àwọn átọ́ọ̀mù yùréníọ̀mù ló ń fọ́. Bí wọ́n ti ń fọ́ ni ooru ń jáde. Ooru náà á mú omi hó, oru omi á yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì mú iná wá. Kò sí ohun tó ń jó níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sí èéfín. Ní 2014, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó ń bá iná yìí wá láti ibi wíwa yùréníọ̀mù títí dé ibi títú ilé-iṣẹ́ palẹ̀. Wọ́n ní nǹkan bíi gíráàmù kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì 12 ló ń bá kílówáàtì kan fún wákàtí kan jáde. Ti iná afẹ́fẹ́ kò yàtọ̀ sí i. Ti gáàsì jẹ́ 490, ti èédú inú ilẹ̀ jẹ́ 820.

Ẹ̀rù ikú ló ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì yẹ ká wò ó dáadáa. Èéfín èédú ń pa ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn lọ́dọọdún láìsí ariwo kankan. Ní 1975, ìsédò Banqiao ya ní Ṣáínà, ó pa ju 20,000 èèyàn lọ, síbẹ̀ a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí a má fi omi ṣe iná mọ́. Bí a bá fi iye iná tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pèsè wé iye ẹ̀mí tó ń bá a lọ, núkílíà wà nísàlẹ̀ pátápátá pẹ̀lú oòrùn àti afẹ́fẹ́.

Àmọ́ ohun kan yà á sọ́tọ̀. Bí a bá bomi pa iná igi, ó parí. Bí a bá pa ríákítọ̀, nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 ooru rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì máa dínkù fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn kọjá lára rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, iná sì gbọ́dọ̀ wà láti fa omi náà. Ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún gbogbo ìlú tún ń wá iná fún ara rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ méjì létí òkun kan

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, 2011, ilẹ̀ mì tìtì ní ìlà-oòrùn Japan. Òkun dìde, ó gbé èèyàn tó lé ní 18,000 lọ. Ní ilé-iṣẹ́ núkílíà Fukushima Daiichi, ríákítọ̀ mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ pa ara wọn bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ìgbì tí àwọn tó kọ́ ibẹ̀ múra sílẹ̀ fún kò tó mítà 6; èyí tó dé lé ní mítà 14. Àwọn jẹnẹrétọ̀ tó yẹ kó gbapò iná wà ní yàrá ìsàlẹ̀. Omi bò wọ́n, ìtutù dúró, ríákítọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì yọ́. Ó lé ní 150,000 èèyàn tó fi ilé sílẹ̀. Ikú tí ìjọba ibẹ̀ kà sí ọrùn ìtànṣán núkílíà kò ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n sísá kiri náà, pàápàá fún àwọn arúgbó àti aláìsàn, gba ẹ̀mí tó ju 2,000 lọ.

Ilé-iṣẹ́ Onagawa súnmọ́ ibi tí ilẹ̀ ti mì ju Fukushima lọ. Ìgbì tó lu òun náà tó nǹkan bíi mítà 13, kò sì rí i gbé ṣe. Ìdí rẹ̀ ni ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Yanosuke Hirai. Nígbà tí wọ́n ń ṣètò ibẹ̀, ó rántí sùnámì ọdún 869, ó ní wọn kò gbọdọ̀ kọ́ ilé-iṣẹ́ náà sí ìsàlẹ̀. Wọ́n ní owó yóò pọ̀ jù, kò gbà. Nǹkan bíi mítà 15 sókè òkun ni wọ́n kọ́ ọ sí. Hirai ti kú kí omi náà tó dé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà inú ọgbà ilé-iṣẹ́ núkílíà yẹn ni àwọn ará àdúgbò tí ilé wọn wó sá sí.

Ẹ má rò pé àwọn ti Fukushima kò mọ̀. Ní 2008, àwọn onímọ̀ TEPCO tó ni ilé-iṣẹ́ náà fúnra wọn ṣírò pé ìgbì lè tó mítà 15. Àwọn ọ̀gá ní kí wọ́n tún un wò, wọn kò mọ odi kankan. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Japan, tí Kiyoshi Kurokawa darí, parí ìwádìí ní 2012, wọ́n ní àfọwọ́fà ni jàǹbá náà: ilé-iṣẹ́, ìjọba àti àjọ alámòójútó ti ń ṣe wọléwọ̀de. Ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ wọn ti di ọ̀rẹ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-iṣẹ́ núkílíà Chernobyl ti Soviet, tí ríákítọ̀ rẹ̀ kan bú gbàù ní 1986. Irú ríákítọ̀ yẹn ti fi àléébù rẹ̀ hàn ní Leningrad ní 1975. Ìjọba Soviet pa ọ̀rọ̀ náà mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ Chernobyl kò sì mọ ewu tó wà lábẹ́ ọwọ́ wọn. Lẹ́yìn ìbúgbàù náà, ó ju ọjọ́ kan lọ kí wọ́n tó kó ará Pripyat, ìlú tó wà lẹ́bàá ibẹ̀, jáde. Wàrà tó ti ní ìtànṣán nínú ni àwọn ọmọdé agbègbè náà mu, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló sì ní jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ ọrùn.

Pàǹtírí àti ilẹ̀ tó gbà á

Oró yùréníọ̀mù tí a ti lò ń pẹ́ ju ìjọba èyíkéyìí lọ. Ní Finland, wọ́n gbẹ́ ibojì fún un sínú òkúta ní erékùṣù Olkiluoto, ó jìn tó mítà 400 ó lé. Inú àgbá bàbà ni wọ́n máa fi í sí, wọn a fi amọ̀ ká a mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí jù ni òfin wọn. Ìjọba ìbílẹ̀ Eurajoki tó ni ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, bí wọ́n bá sì kọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ní 2000, ìgbìmọ̀ wọn dìbò, wọ́n ní àwọn gbà.

Ẹ wá yíjú sí Niger, aládùúgbò wa. Láti 1978 sí 2021 ni wọ́n fi wa yùréníọ̀mù ní Akouta, lẹ́bàá Arlit, fún àwọn ilé-iṣẹ́ iná ilẹ̀ òkèèrè, ti Faransé pàápàá. Nǹkan bí ogún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù yẹ̀pẹ̀ onítànṣán ló ṣẹ́kù síbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ rí irin àlòkù onítànṣán láti ibi ìwakùsà nínú ọjà Arlit. Ọ̀pọ̀ ará Niger kò sì ní iná nílé títí di òní. Ẹni tó bá ń pe iná Faransé ní iná tó mọ́ gbọ́dọ̀ ka ilẹ̀ Arlit mọ́ ìṣirò rẹ̀. Ta ló bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè bóyá wọ́n gbà?

Àwa ńkọ́?

Nàìjíríà kì í ṣe òpè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti 2004 ni ríákítọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí ti ń ṣiṣẹ́ ní Zaria. Ní 2018, wọ́n yọ yùréníọ̀mù alágbára inú rẹ̀, wọ́n dá a padà sí Ṣáínà, wọ́n fi èyí tí kò ṣeé fi rọ bọ́ǹbù rọ́pò rẹ̀. A ní onímọ̀. Ìjọba ti ń bá Rọ́ṣíà fọwọ́ sí ìwé lórí ilé-iṣẹ́ ńlá láti 2009.

Ṣùgbọ́n mẹ́gáwáàtì 4,000 sí 5,000 ni iná tó sábà máa ń wà lórí wáyà gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Ríákítọ̀ ńlá kan ṣoṣo lè mú 1,000 wá. Bó bá dúró lójijì, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún iná wa lọ nìyẹn, gbogbo rẹ̀ á sì dojú dé. Bí wáyà bá sì dojú dé, gẹ́gẹ́ bó ti ṣe lọ́pọ̀ ìgbà ní 2024, ríákítọ̀ náà á máa wá iná tí yóò fi tutù. Jẹnẹrétọ̀ ló kù, ẹ sì ti gbọ́ ti jẹnẹrétọ̀ Fukushima.

Ìdáhùn mi rèé. Iná núkílíà mọ́, ó sì lè wà láìléwu. Mo gbà pé Jámánì ṣìṣe nígbà tí ó pa ríákítọ̀ mẹ́ta tó kù fún un ní 2023, tí ó ṣì ń jó èédú. Ṣùgbọ́n fún àwa, àsìkò kò tíì tó. Ẹ jẹ́ kí a tún wáyà ṣe, kí a sì máa lo oòrùn tó wà lórí òrùlé wa, tí kò gba ọdún méjìdínlógún kó tó tàn, bí ríákítọ̀ kẹta ti Olkiluoto ti gbà kó tó ṣiṣẹ́ tán. Kí a fún àjọ alámòójútó lágbára tí kò sí ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Kí òfin sì fún ìlú tó ni ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ Eurajoki.

Bí ìwé àdéhùn bá dé lọ́la, ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye mẹ́gáwáàtì. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó láṣẹ láti dá iṣẹ́ náà dúró. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n lè yọ ọ́ nípò lọ́jọ́ tó bá dá a dúró. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀.