Pípọn Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Nínú Ilé

Nígbà tí a sọ pé ọ̀rọ̀ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni a ó sọ lónìí, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìlá ẹlẹ́mu! Kí la tún fẹ́ fi ọtí àgbàdo ṣe?" Òótọ́ ni, ẹmu Ìlá lókìkí. Ṣùgbọ́n adùn ti wà nínú omi ọ̀pẹ kí ó tó kán sínú akèrègbè. Àgbàdo kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dìgbà tí ó bá hù kí adùn rẹ̀ tó jáde, nítorí náà ni a ṣe ń mú un hù kí a tó sè é.

Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ọtí láyè, kí ó jókòó tì wá. Ìṣirò tí a ó ṣe yóò wúlò fún un nídìí ògì àti àkàrà.

Ohun èlò rẹ̀ kò ju ti inú ilé lọ: ìkòkò ńlá kan, asẹ́, igbá, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kẹ́ẹ̀gì. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ta oògùn apakoríko rí, ẹ má lò ó, bí ẹ tilẹ̀ fọ̀ ọ́ nígbà méje. Ẹ má lo àgbàdo tí ó ti bu, tàbí àgbàdo ìgbìn tí wọ́n ti po oògùn mọ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná pé yóò pa oró wọn.

Ẹ rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ fi ewé bò ó, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Tó bá di bí ọjọ́ kẹrin, gbòǹgbò rẹ̀ á ti jáde. Ẹ sá a kó gbẹ, kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀rọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kánjú nìyí. Agbára tí ń mú adùn jáde wà nínú àgbàdo tó hù yẹn. Bí iná bá ká a mọ́ lójijì, agbára náà á kú, ẹ̀kọ lásán lẹ ó sì mu. Ẹ pò ó mọ́ omi, kí ẹ jẹ́ kó máa gbóná díẹ̀díẹ̀ fún bíi wákàtí kan kó tó hó. Lẹ́yìn náà ẹ sè é dáadáa, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ẹ wá bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àtijọ́ sí i. Ìwúkàrà wà nínú rẹ̀, ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò lè rí ni. Òun ló ń jẹ adùn náà, tó ń sọ ọ́ di ọtí. Ó ń tú afẹ́fẹ́ jáde pẹ̀lú, nítorí náà ẹ má dé kẹ́ẹ̀gì pinpin, kó má baà bẹ́.

Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fi òfin de bálì ilẹ̀ òkèèrè ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo wa ni àwọn ilé-iṣẹ́ bíà ńláńlá yíjú sí. Ṣùgbọ́n ẹ dúró lórí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ o. Ẹ má gbìyànjú láti fi iná fa ògógóró. Ní 2015, ògógóró tí oró wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lágbègbè Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ojú àwọn kan kọ́kọ́ ṣókùnkùn kí wọ́n tó kú.

Ó yá, ẹ mú ìwé yín jáde. Àwa tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún di ṣọ́ọ̀kì mú, ìdí ìṣirò la ti ń gbádùn ara wa. Iye ọjà ń yí padà, àpẹẹrẹ lásán nìyí. Ká ní kóńgò àgbàdo mẹ́rin jẹ́ ₦6,000, igi ìdáná ₦2,500, owó ẹ̀rọ ₦1,200, omi ₦300. Ó di ₦10,000. Kẹ́ẹ̀gì tuntun tí ẹ rà ní ₦3,000 ńkọ́? Bí ẹ ó bá lò ó nígbà mẹ́wàá, ₦300 ni ti ẹ̀ẹ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦10,300. Bí ọtí náà bá jẹ́ lítà 20, lítà kan ná yín ní ₦515.

Ọ̀pọ̀ ìyá ni kì í ka igi ìdáná, torí pé oko ni wọ́n ti ṣẹ́ ẹ. Wọ́n á ta lítà kan ní ₦450, wọ́n á rò pé àwọn jèrè. Ẹni tó ń pọn ọn fún ìgbádùn ilé rẹ̀ kò ní láti ka iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tà á ńkọ́? Kí ó kọ gbogbo ọjọ́ tó fi ṣe é sílẹ̀, ọjọ́ bíi mẹ́sàn-án, kí ó sì fi owó sí i. Ẹ mú ìṣirò tiyín wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.