Ọ̀rọ̀ Ológbò Ọjà Wa

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé bá ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ àyájọ́ ọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Mazamaza)

  

Ọdọọdún, bí ó bá ti kan akọ̀wé láti sọ̀rọ̀, owó la máa ń sọ: iye tí a dá, iye tí a yá, ẹni tí kò tíì san. Ìròyìn owó wà nínú ìwé yìí, ẹ ó kà á nílé. Lọ́tẹ̀ yìí, ológbò la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. A ń gbọ́ bí àwọn kan ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà ní mítìn tó kọjá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká, àwọn kan bínú jáde kí a tó ṣe àdúrà ìparí. Ohun tí a kò lè sọ tán lọ́jọ́ náà la fẹ́ sọ lónìí.

Ibi tí a wà yìí, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ sí ìhà Ìlà-Oòrùn ń gbéra níbí, èrò ń jẹun, wọ́n ń da ike àti egungun sílẹ̀. Ọ̀nà Badagry wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Festac náà wà nítòsí, ìlú tí ìjọba kọ́ láti fi gba àlejò àjọ̀dún àṣà ní 1977, tí wọ́n wá pín ilé rẹ̀ fún aráàlú lẹ́yìn náà. Ilẹ̀ yìí rọ̀, omi pọ̀, gọ́tà pọ̀. Ibi tí oúnjẹ bá ti ń ṣẹ́kù tí omi sì wà, eku á gbà á. Ibi tí eku bá wà, ológbò á dé. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń sin ológbò nílé, bí wọ́n bá kó lọ síbòmíràn, wọ́n á kó àga, wọ́n á kó fíríìjì, wọ́n á fi ológbò sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa nínú ọjà ni yóò wá.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Àwọn onímọ̀ sọ pé ara ológbò igbó ilẹ̀ Áfíríkà àti ilẹ̀ Lárúbáwá ni ológbò ilé ti wá. Nígbà tí àwọn èèyàn àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkà sínú àká, eku tẹ̀lé ọkà, ológbò tẹ̀lé eku. Ní erékùṣù Cyprus, wọ́n hú sàréè kan tó ti tó nǹkan bí 9,500 ọdún, wọ́n bá egungun ológbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun èèyàn níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé àwa olóúnjẹ la pè é wá? Kò sẹ́ni tó lọ fà á láti inú igbó.

A ò sọ pé àwọn tó ń bínú sí ológbò kò nídìí. Ẹni tó fi owó ẹgbẹ́ ra ẹja yíyan, tó bò ó lálẹ́, tó dé láàárọ̀ tó bá orí mẹ́rin péré nínú agbọ̀n, ẹ má sọ fún un pé kó fẹ́ràn ẹranko. Bí ológbò bá tọ̀ sórí àpò èlùbọ́, òórùn rẹ̀ kì í lọ. Oníbàárà á gbé imú sí i lẹ́ẹ̀kan, á sì bá tiẹ̀ lọ. Wọ́n ń bímọ sí orí àjà. Lóru, wọ́n á máa ké bí ọmọ ìkókó, àwọn ọlọ́dẹ wa ní àwọn kò rí oorun sùn. (Wọ́n máa ń sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé àwọn kì í sùn. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.)

Nítorí náà, nígbà òjò tó kọjá, àwa ìgbìmọ̀ gbà pé kí wọ́n pa wọ́n. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: àwa la gbà á, àwa la fi owó sílẹ̀, ọwọ́ akọ̀wé ló kọ ọ́ sínú ìwé mítìn. Wọ́n ra ọtapíápíá, wọ́n fi pa orí ẹja, wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àti etí gọ́tà ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, òkú ológbò mẹ́fà la kà. Inú wa dùn. Àwọn kan tiẹ̀ ní ó yẹ ká ti ṣe é tipẹ́.

Nígbà tó di Wẹ́sìdeè, òórùn bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan nínú wa tó ń ta gàrí àti ẹ̀wà, a ò ní dárúkọ wọn, wọ́n wà níjokòó, wọ́n wá ibi tí òórùn náà ti ń bọ̀ títí, wọn kò rí i. Àṣé orí àjà ṣọ́ọ̀bù wọn ni ológbò kan sá lọ kú sí. Kí a tó rí ẹni fa pákó àjà ya, ìdin ti ń já bọ́ sórí àpò. Àpò gàrí méjì àti àpò ẹ̀wà kan la dà nù. Owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ni wọ́n fi rà á. Wọ́n san owó náà tán, wọn kò bá wa fa ọ̀rọ̀ kankan, ìyẹn gan-an ló ń dùn wá.

Èkejì ló burú jù. Ọmọ ọmọ ẹnì kan nínú wa, kò tíì pé ọdún mẹ́ta, rìn lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Kí ìyá rẹ̀ tó yíjú padà, orí ẹja ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ariwo ta. Ọ̀kan ní ká fún un ní epo pupa, òmíràn ní ká ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun. Itọ́ ń dà lẹ́nu ọmọ, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọlọ́kọ̀ kan tó wá já ẹrù ló gbé wọn lọ sí ọsibítù, ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ náà lò níbẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́. Ó wà níbí lónìí, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ bíi ti ìyá àgbà rẹ̀, òun ló ń sáré kiri láàárín àga yẹn. Àwa la gbé ẹja náà síbẹ̀.

Àwọn dókítà sọ fún wa pé epo pupa kì í pa irú oògùn bẹ́ẹ̀, fífi ipá mú ọmọ bì sì lè mú kí ó gba ọ̀nà èémí lọ. Kí a nu ẹnu rẹ̀, kí a gbé e lọ kíá, kí a sì mú ìgò oògùn náà dání kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń bá jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ èyí fún àwọn ọmọ yín tó ti ń bímọ.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí ni a rí jẹ níbẹ̀? Kò pé oṣù méjì, eku gba ọjà. Àwọn àgbà ti sọ pé bí ológìnní kò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté. Wọ́n ń dá àpò lu láti ìsàlẹ̀, ẹni tó ń ta ìrẹsì mọ ohun tí a ń wí. Nígbà tó di oṣù kẹta, ológbò tuntun ti dé láti ìhà gáréèjì, wọ́n bá ààyè tó ṣófo, wọ́n bá oúnjẹ nílẹ̀, wọ́n jókòó. Àwọn èyí tiẹ̀ ya ìgbẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tí a pa mọ̀ wá, wọ́n ń sá fún wa. Àwọn wọ̀nyí ń bú mọ́ èèyàn.

Àwọn kan á ní kí eku máa wá, ṣebí eku kò ju eku lọ. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí kòkòrò ara eku ń kó ran èèyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó níbí, ó sì tó ọdún díẹ̀ kó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Òun ló fà á tí ìjọba fi dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928 láti tún àwọn àdúgbò tó fún pọ̀ ṣe. Ibà Lassa tí wọ́n mọ̀ ní 1969, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku lórí oúnjẹ ni èèyàn fi ń kó o. Ọdọọdún ló ń pa èèyàn ní Nàìjíríà, Ondo àti Edo wà lára ibi tó ti ń jà jù. Oúnjẹ la sì ń tà.

Májèlé tí a tún ń fi pa eku náà, ẹ ṣọ́ra. NAFDAC ti fòfin de títa dichlorvos nínú ìgò 100ml àti èyí tó kéré sí i láti 2019, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi sínú ẹ̀wà láti lé kòkòrò. Síbẹ̀ a mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á, a sì mọ ẹni tó ń rà á. Ẹní bá da eérú leérú ń tọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, àwa mẹ́ta lọ bá dókítà ẹranko kan. Ó jẹ́ ká mọ̀ pé oṣù méjì péré ni ológbò fi ń lóyún, ọmọ mẹ́ta sí márùn-ún ló sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, ọmọ náà sì lè lóyún kó tó pé oṣù mẹ́fà. Bí a bá pa mẹ́fà, tí a fi abo méjì sílẹ̀, kí ọdún tó yípo wọ́n á ti padà. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ìlú lágbàáyé ni pé kí a fi àgò onírin mú wọn, kí dókítà tẹ akọ lọ́dàá bí a ti ń tẹ òbúkọ, kí ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo kó má bímọ mọ́, kí ó gún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, kí ó gé ṣóńṣó etí òsì díẹ̀ kí a lè dá wọn mọ̀, kí a sì dá wọn padà síbi tí a ti mú wọn. Wọ́n á máa ṣọ́ ààyè wọn, wọn kò ní bímọ, iye wọn á máa dín kù. Igbe òru náà á dín kù, torí pé ìjà akọ lórí abo ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni mítìn ti dàrú. Ìyá kan ní igbe yẹn kì í ṣe ti ológbò lásán, pé gbogbo wa mọ ohun tó ń gbé ara ológbò dúdú rìn lóru. A ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Àmọ́ àwọn ìyá wa tó bẹ̀rù àjẹ́ jù wá lọ kì í pa ológbò, èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Àwa tí a ní ojú wa là ni a wá ń fi májèlé sínú ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọmọ ti ń ṣeré. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù, kó gbàdúrà, kó sì bo ẹja rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní ká kó wọn sínú àpò, ká gbé wọn lọ dà sí ọ̀nà Badagry. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ àti oko adìẹ níbẹ̀, ẹ ti fún wa lésì lọ́jọ́ náà, ariwo yín pọ̀. Òótọ́ lẹ sọ. Ológbò tí a jù sí ibi tí kò mọ̀, yálà ebi pa á, tàbí mọ́tò pa á, tàbí kó wọ inú oko ẹlòmíràn lọ kó òròmọdìẹ jẹ. Ẹni tó ní irú rẹ̀ lóko, kó fi nẹ́ẹ̀tì wáyà yí ilé adìẹ ká títí kan òkè, kó má jẹ́ kí oúnjẹ adìẹ sùn síta, kó sì tẹ èyí tó wà níbẹ̀ lọ́dàá. Bí ó bá rí ọmọ ológbò, kó tètè mú un: èyí tí ọwọ́ èèyàn kò bá kàn kó tó pé oṣù méjì, ó ṣòro kó tó di ti ilé.

Ẹ má gbọ́ wa lódì o, ológbò nìkan kò lè bá wa pa eku tán. Èkúté ńlá inú gọ́tà yẹn, púpọ̀ nínú ológbò kì í kò ó lójú. Ìdọ̀tí wa ni olórí ọ̀rọ̀. Kí ẹlẹ́ja kó ìfun àti orí ẹja sínú ọ̀rá, kó dì í, kó gbé e síta kó tó lọ sílé, kì í ṣe kó fẹsẹ̀ tì í sínú gọ́tà. Kí a gbé àpò kúrò nílẹ̀ sórí pákó. Kí a dí ihò àjà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ibẹ̀ dáadáa bóyá ọmọ wà níbẹ̀, kí a má tún dá òórùn mìíràn sílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa fún wọn lóúnjẹ díẹ̀, nírọ̀lẹ́, níbì kan náà, kí a lè máa kà wọ́n.

Ẹni tí ológbò tàbí ajá bá gé jẹ tàbí ya lára, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Dìgbòlugi tó bá ti fara hàn lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Ẹ̀yin ọmọ wa tó lóyún, ẹ má fọwọ́ kan ìgbẹ́ ológbò, àrùn kan wà níbẹ̀ tó ń ba ọmọ inú jẹ́. Kí ẹlòmíràn bá yín gbá a.

Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i pé kí a yọ owó àgò méjì àti owó dókítà fún ológbò mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú owó ìrànwọ́. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó wá kọ orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ayẹyẹ, a ó kà á sókè ní mítìn, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ọ̀dọ̀ ìyá tó pàdánù gàrí la máa tọ́jú àgò sí, àwọn fúnra wọn ló bẹ̀bẹ̀ fún un. Ìlà ẹlẹ́ja la ó ti bẹ̀rẹ̀, ní Túsìdeè tó ń bọ̀, ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kan jẹ láti alẹ́ Mọ́ńdè, kí ebi lè mú wọn wọ àgò.