Ètò Ọtí Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fún Àjọ̀dún Wa

Àkápò wa ti ka ìṣirò owó sí etígbọ̀ọ́ yín, ẹ sì ti gbọ́ pé bí a bá ra ọtí inú ìgò fún gbogbo àlejò àjọ̀dún tí ń bọ̀, owó tí a fi ń tẹ ìwé olóṣooṣù yìí yóò bá a lọ. Ìmọ̀ràn àwa tí ẹ yàn láti wádìí ọ̀ràn náà ni pé kí a pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, kí a sì bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ nísinsìnyí tí àgbàdo ìkórè ṣì kún ọjà.

Àwọn kan yóò wí pé ọtí àgbàdo kò yẹ àwùjọ ọlọ́lá. Kí wọn rántí pé ní 1988, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fi òfin de bálì òkèèrè, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé ìpọntí ńlá sá tọ̀, àwọn ọlọ́lá náà sì ń mu ún. Ní Kúbà, àwọn ọmọ Lùkùmí kò gbàgbé orúkọ náà: cheketé ni wọ́n ń pe ohun mímu tiwọn.

Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì ó dùn, ní ọjọ́ kẹta ó mú, nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ karùn-ún ó ti kan. Ṣùgbọ́n àgbàdo tí a mú hù, tí a sì sá gbẹ dáadáa, lè wà nínú àpò fún oṣù mélòó kan. Nítorí náà, kí a tètè ra ọkà kí a sì mú un hù. Ìdáná ni kí ó kẹ́yìn.

Kí a má ṣe ra àgbàdo tí ó ti bu nítorí ọ̀pọ̀. Májèlé tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣe é fi iná pa, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ìlera àlejò dín ìnáwó kù. Kí a rẹ ẹ́ fún ọjọ́ 2, kí a tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí a bò ó, kí a sì máa wọ́n omi sí i títí yóò fi hù. Lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, kí a ra gbòǹgbò àti ọ̀mùnú rẹ̀ dànù. Bí a bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin ọkà bàbà híhù kún un, yóò dára jù, nítorí agbára rẹ̀ ju ti àgbàdo lọ.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù lọ ni orí iná. Agbára kan wà nínú èso híhù tí í sọ ìyẹ̀fun di ohun dídùn. Omi híhó a sì máa pa á. Ẹni tí ó bá da ìyẹ̀fun sínú omi híhó, ṣúgà ni yóò lọ rà ní ọjà. Kí omi náà gbóná dé ibi tí ọwọ́ kò lè gbà á, bí ìwọ̀n 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán, kí a tó jẹ́ kí ó hó. Àwọn ìyá wa tí wọ́n rọra ń koná mọ èyí láìní òṣùwọ̀n kankan.

Garawa 1 ìyẹ̀fun pẹ̀lú garawa 4 omi yóò fún wa ní bí garawa 3 ọtí lẹ́yìn híhó àti sísẹ́. Fún àwùjọ bí 300, garawa 12 yóò tó. Kí a ra garawa 6 ọkà, nítorí èso tí ń hù a máa jẹ nínú ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 ṣáájú àjọ̀dún, kí a kọ́kọ́ pọn ìkòkò kékeré kan, kí a lè tọ́ ọ wò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí rẹ̀ ni a óò fi mú ti àjọ̀dún wú, tí a óò sè ní ọjọ́ 2 ṣáájú. A kò ní san kọ́bọ̀ lórí ìwúkàrà. Èèrí rẹ̀ yóò jẹ́ ti àwọn tí ń sin ewúrẹ́. Owó iṣẹ́ àwọn ìyá apọntí nìkan ni a kò fọwọ́ sí pé kí a dín. A bẹ àkápò kí ó fi owó ọkà lé wa lọ́wọ́ kí ọjà tí ń bọ̀ tó ná.