Òfin Láìsí Owó: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtọ́jú Ẹni Tí Orí Rẹ̀ Dàrú Lójijì

(Ọ̀rọ̀ tí ayẹ̀wéwò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sọ)

 

Bí ẹni tí ó ti ń dáwó déédéé bá ṣàdédé dákẹ́, ohun tí ìgbìmọ̀ sábà máa ń kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀ ni “ajigbèsè”. Nínú ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, obìnrin tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ fún kò sá fún gbèsè rárá. Orí rẹ̀ ni ó dàrú lẹ́yìn ìbímọ. Àwọn onídùúró rẹ̀ ń fi ọlọ́pàá halẹ̀, àwọn ará ilé sì ti fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ dè é mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó rí ìtọ́jú, ó san gbogbo owó náà tán.

Òfin wo ni ó wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ó pẹ́ tí ó fi jẹ́ òfin àwọn amúnisìn ti 1916, tí ó di ti 1958, ni a ń lò. Wèrè ni ó ń pe aláìsàn. Ibi tí wọn yóò tì í mọ́ ni ó ká a lára jù. Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2018. Ní oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun ti ìjọba àpapọ̀, tí ó dá ẹ̀ka iṣẹ́ kan àti àpò owó kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú yìí.

Ẹ̀yin àkápò, ẹ mọ̀ pé àpò lọ́tọ̀, owó inú àpò lọ́tọ̀. Ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà ṣe tiwọn lọ́nà tí yóò tètè yé alájẹṣẹ́kù. Òfin wọn ti 2021 ní kí ìlà tẹlifóònù kọ̀ọ̀kan máa san sẹ́ǹtì 24 lóṣù. Láti oṣù kìíní 2023, ó di 40. Owó yìí wà fún àwọn tí ń dáhùn ìpè 988 tọ̀sán tòru, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tí ń lọ bá aláìsàn níbi tí ó wà. Ta ni sẹ́ǹtì 40 pa lára? Èèsú ni, àwa náà mọ̀ ọ́n dá.

Nílé níbí, Árò ní Abẹ́òkúta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé ibẹ̀, ìbátan kan á sì tẹ̀lé aláìsàn láti máa tọ́jú rẹ̀. Kò ní kí wọ́n so ẹnikẹ́ni.

Ohun méjì ni mo ń bẹ̀ yín sí. Kí àpapọ̀ ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, kí wọ́n kọ iye owó pàtó fún iṣẹ́ yìí sínú ìṣirò owó ọdọọdún. Èkejì, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi kún ìlànà rẹ̀ pé bí ìwé dókítà bá dé, kí sísan ẹ̀yáwó àti èlé rẹ̀ dúró fún oṣù mẹ́fà, kí a sì yọ owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn nínú owó ìrànlọ́wọ́. Mo ti kọ bí àtúnṣe náà yóò ṣe rí; akọ̀wé tí ó bá fẹ́ ẹ̀dà rẹ̀, kí ó rí mi kí ó tó wọkọ̀.