Kí Asọ̀rọ̀mágbèsì Ó Lè Gba Èsì

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín kò gùn, ṣùgbọ́n ó kan àwọn ọmọ wa. Ọ̀nà wo ni àwa Yorùbá lè gbà fi ohùn àti ìtàn wá ìdí àwọn ohun ńlá tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wádìí? Kí sì ni ó yẹ kí a ṣe nípa rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà àti ní Òkokomáíkò níhìn-ín?

Àwọn baba wa kò fi ìbéèrè ṣeré. Àlọ́ apamọ̀ ni ilé-ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọ Yorùbá ń lọ. Àgbà a pa àlọ́, ọmọdé a fi ọgbọ́n orí rẹ̀ tú u. Lẹ́yìn èyí ni ìtàn ìjàpá yóò dé, tí a ó sọ ìdí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi rí págunpàgun. Ìbéèrè ni ó ń ti ìtàn náà síwájú. Ṣùgbọ́n bí apàlọ́ bá ti wí pé, "Ìdí rẹ̀ nìyí," ọmọdé a dìde, a lọ sùn. Ibi tí àlọ́ parí sí yìí gan-an ni iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ti ń bẹ̀rẹ̀. Onímọ̀ yóò béèrè pé: Báwo ni ẹ ṣe mọ̀? Ta ni ó rí i? Bí ẹlòmíràn bá tún un ṣe, yóò ha rí bákan náà?

Ní ọdún 1935 ni ìjọba kọ́kọ́ fa wáyà wọ inú ilé àwọn ará Èkó, kí wọ́n lè máa gbọ́ ohùn BBC láti Lọ́ńdọ̀nù nínú àpótí kékeré. Ní ọdún 1939, ó dé Ìbàdàn. Àwọn àgbà wo àpótí náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá a mu, nítorí ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gbọ́ ohun tí a fi dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ rédíò ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1951, tí Ìwọ̀ Oòrùn sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1959, èdè wa sì rí àyè jókòó nínú àpótí náà.

Ẹ wá wo ohun tí Olódùmarè fi jíǹkí àgbègbè yìí. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, wà ní Ọ̀jọ́. Ó ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sáyẹ́ǹsì, ó sì ní ilé iṣẹ́ rédíò tirẹ̀ lórí ìlà 95.7. Ọjà Alábà, tí àwọn oníṣòwò ti ń wá ra rédíò láti gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wà ní ìtòsí. Ẹni tí ó mọ̀, ilé tí ń fọhùn àti àpótí tí ń gbọ́ ohùn, gbogbo wọn ni ó wà láàárín wa. Síbẹ̀, ìmọ̀ tí ó wà nínú ọgbà yunifásítì kì í tètè dé etí apẹja tí ń tu ọkọ̀ ní ẹ̀yìn odi, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí apẹja mọ̀ kì í tètè dé ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n.

Àbùkù yìí léwu. Ní oṣù keje ọdún 2014, àrùn Ebola wọ Èkó. Ní oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan fò láti ẹnu dé ẹnu àti láti fóònù dé fóònù pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu ún. Àwọn ènìyàn dìde lóru, wọ́n mu ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán ènìyàn méjì ni ó tipa bẹ́ẹ̀ kú. Àrùn náà mú ènìyàn 20 ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú, kí a tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tí wọ́n mu omi iyọ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ìbéèrè wà lọ́kàn wọn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Irọ́ ni ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́, pẹ̀lú ohùn ẹni tí wọ́n fẹ́ràn. Etí tí kò rí ìtàn òtítọ́ gbọ́ yóò gba èyí tí ó bá rí.

Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn òtítọ́ kò wọ́n wa. Ní ọdún 1927, àwọn oníṣègùn tí ibùdó wọn wà ní Yábàá ń wá ohun tí ń fa ibà pọ́njú. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Asibi yè, ṣùgbọ́n Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn náà, kó ibà náà, ó sì kú ní Èkó ní ọdún náà gan-an. Láti inú kòkòrò tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọdún 1937, èyí tí a ń lò títí di òní. Ọmọ mélòó ní Ìbà ni ó ti gba abẹ́rẹ́ yìí, tí kò sì gbọ́ orúkọ Asibi rí?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìbejì pẹ̀lú. Ọ̀mọ̀wé Nylander ṣírò ìbímọ ní ilẹ̀ wa ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1980, ó sì rí i pé nínú ìbímọ 1000, ó ju 40 lọ tí ó jẹ́ ìbejì. Àwọn kan ní iṣu ni ó fà á, àwọn mìíràn ní ọbẹ̀ ìlasà ni. Kò tíì sí ẹni tí ó fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn.

Àlọ́ kan tún wà tí ó ju èyí lọ. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ méjì ní Califonia yẹ àmì ìran tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn àti ti àwọn ará ilẹ̀ mìíràn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wò. Wọ́n ní a jogún ìdá 2 sí 19 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ ìran àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá egungun rẹ̀ mọ̀. Ní ọdún 1965 sì ni a ti hú agbárí kan ní Ihò Eléérú, nítòsí Àkúrẹ́, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 13,000 ọdún, tí ìrísí rẹ̀ kò sì jọ tiwa tán. Ta ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí? Ìbéèrè nípa orírun wa ni èyí. Ó ha yẹ kí a máa gbọ́ ọ ní èdè àjèjì nìkan?

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí Ẹgbẹ́ yìí bẹ àwọn aláṣẹ yunifásítì fún ààbọ̀ wákàtí kan lọ́sẹ̀, ní èdè Yorùbá. Kí ètò kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè tí ará ìlú fúnra rẹ̀ bi. Apẹja Ọ̀jọ́ lè béèrè ìdí tí omi ọ̀sà fi ń níyọ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì ń dùn ní ìgbà òjò. Kí apẹja sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí ọ̀jọ̀gbọ́n ṣàlàyé bí omi òkun ṣe ń wọlé nígbà tí omi odò bá fà. Kí a máa sọ ohun mẹ́ta nígbà gbogbo: ohun tí a mọ̀, bí a ṣe mọ̀ ọ́n, àti ohun tí a kò tíì mọ̀. Ibi tí Yorùbá bá ní ọ̀rọ̀, kí a lò ó. Ibi tí kò bá sí, kí a ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí olùgbọ́ lè fi fóònù dá wa lóhùn, àní kí ó lè já wa níyàn. Lẹ́yìn náà, kí a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè gbọ́, àti ẹni tí sún-kẹẹrẹ dá dúró ní ọ̀nà Àgbádárìgì.

Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa, owó ètò yìí kò tó owó ayẹyẹ ọjọ́ kan. Ó kù sí ọwọ́ yín kí ẹ fi àṣẹ tì í lẹ́yìn, kí ẹ sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò bi ìbéèrè níbẹ̀, kí ọmọdé lè mọ̀ pé bíbéèrè kò dín ọlá àgbà kù. Àwọn baba wa ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí asọ̀rọ̀mágbèsì bẹ̀rẹ̀ sí gba èsì ní ìgbà tiwa.