Bẹ́líìtì Tí Kì Í Ké Kó Tó Já

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ wa nínú ọkọ̀ tó ń lo dísù, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò ìyàwó mi pè mí láti Ògèrè. Ó ní òun ń wakọ̀ lọ jẹ́jẹ́ ni, ẹ́ńjìnnì dédé kú. Kò gbóná, kò rú èéfín. Mo ní, "Ìgbà wo lo pààrọ̀ táímíǹ bẹ́líìtì gbẹ̀yìn?" Ó dákẹ́. Láti ọdún mẹ́ta tó ti ra ọkọ̀ náà ní tòkunbọ̀, kò fọwọ́ kàn án rí. Nígbà tí wọ́n tú u, mo mú àjákù bẹ́líìtì yẹn lọ́wọ́. Lókèèrè, ẹ ó rò pé ó ṣì dáa. Mo ká a sẹ́yìn báyìí, ó ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi gìgísẹ̀ tí ọyẹ́ là. Àwọn fáàfù ti tẹ̀ bí ìṣó. Owó tó fi tún orí ẹ́ńjìnnì ṣe, ìyẹn ì bá ra bẹ́líìtì jìngbìnnì.

Rọ́bà eléyín ni bẹ́líìtì yìí. Òun ló so kíráńkì ìsàlẹ̀ mọ́ kámù òkè tó ń ṣí àwọn fáàfù. Bí kíráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, kámù á yí lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ fi eyín kan yẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní pílọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí i. Afẹ́fẹ́ tí písítìn bá fún pọ̀ ló ń gbóná tí dísù fi ń gbiná, ìdí nìyẹn tí àyè orí písítìn fi há gádígádí. Bí bẹ́líìtì bá já, fáàfù tó bá ṣí sílẹ̀ kò ní lè padà mọ́, písítìn á sì gbá a. Ṣéènì, tí àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn ń lò dípò bẹ́líìtì, máa ń pariwo kó tó bàjẹ́. Bẹ́líìtì kì í sábà ké.

Ìwé ọkọ̀ yín ló máa sọ iye kìlómítà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ rìn kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Hilux D-4D, bó bá pé 150,000 kìlómítà, iná kan á tàn níwájú yín, T-BELT ni wọ́n kọ sí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnì kan lè pa iná yẹn láìpààrọ̀ ohunkóhun! Ẹ má gbà. Bó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ rà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kìlómítà tẹ́ ẹ bá lójú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì kíákíá. Tuntun ni kẹ́ ẹ rà. Bẹ́ ẹ bá dé Ládípọ̀, ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ẹ má fọwọ́ kan bẹ́líìtì tí wọ́n tú lára ẹ́ńjìnnì mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì pààrọ̀ bíárìn àti irin tó ń mú bẹ́líìtì le pọ̀ mọ́ ọn. Bí ọ́ìlì bá ń jò níbẹ̀, kó kọ́kọ́ dí i, torí ọ́ìlì ń jẹ rọ́bà.

Bó bá ti so ó tán, ẹ dúró tì í. Kó má tíì fi kọ́kọ́rọ́ sítáàtì rẹ̀. Kó fi sípánà yí kíráńkì lọ́wọ́, ní ẹ̀ẹ̀mejì gbáko, kó sì tún wo àwọn àmì tó wà lára kíráńkì àti kámù bóyá wọ́n bára mu. Bó bá há níbì kan, kó dáwọ́ dúró, kó tún un tò. Mẹkáníìkì tó bá ní kò sídìí fún un, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ tún bẹ̀ ẹ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó tan ọkọ̀ náà láìṣe é.

Kẹ́ ẹ tó gba márosẹ̀ lọ síbi ìnáwó lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi mẹkáníìkì yín léèrè ọjọ́ orí bẹ́líìtì yín.